Kámẹ́rà Alágbàká: Ojú tó ń ríran ni ará ìlú ń fẹ́

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà, àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí ni pé ojú alákàn kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ó yọ síta, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí ewu bá sì ń bọ̀, alákàn á ti wọ ihò kí ọwọ́ tó tó o. Ojú tó wà lórí tí kò ríran, ẹrù lásán ni fún ẹni tó gbé e. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló yẹ kó wà lọ́kàn àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ Òndó nígbàkigbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa títún kámẹ́rà aṣọ́lé, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní CCTV, ṣe ní ibùjókòó ìjọba ní Alágbàká, Àkúrẹ́.

Alágbàká kì í ṣe àdúgbò lásán. Ní ọjọ́ kẹta, oṣù kejì, ọdún 1976, ni ìjọba ológun yọ ìpínlẹ̀ Òndó lára ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́, tí Àkúrẹ́ sì di olú ìlú rẹ̀. Láti ìgbà Ita David Ikpeme tó jẹ́ gómìnà ológun àkọ́kọ́, títí dé orí Gómìnà Lucky Aiyédatiwa tí wọ́n búra fún ní oṣù kejì ọdún 2025, kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kan nínú ìpínlẹ̀ náà tí kò kan Alágbàká lọ́nà kan tàbí òmíràn. Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì gómìnà àti ilé ìjọba wà. Ibẹ̀ ni olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ń gbà lọ nítorí owó ìfẹ̀yìntì, ibẹ̀ ni àgbẹ̀ ń wá nítorí ìwé ilẹ̀, ibẹ̀ náà ni àwọn tí inú ń bí máa ń tò lọ tí wọ́n bá fẹ́ kí ìjọba gbọ́ ohùn wọn.

Àwọn tó ti dàgbà ní ọdún 1983 kò ní gbàgbé ohun tí ojú Àkúrẹ́ rí ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Àjọ elétò ìdìbò ìgbà yẹn kéde pé Akin Ọmọ́boríowó ló wọlé ìdìbò gómìnà dípò Olóyè Adékúnlé Ajáṣin, ni ìlú bá gbaná. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, kí ilé ẹjọ́ tó dá ẹ̀tọ́ Ajáṣin padà fún un. Títí di òní, bí ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà bá bèèrè pé ta ló ṣe kí ni, àti níbo, ìtàn ẹnu ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n á sọ fún un, bí oníkálùkù bá sì ṣe rí i ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ló ṣe ń sọ ọ́. Ìlú tí kò ní ẹ̀rí, àròyé ni yóò máa fi ìran dé ìran ṣe.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà wá di ti gbogbo ìpínlẹ̀ lẹ́yìn àjálù Ọ̀wọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà, ọdún 2022, tó jẹ́ ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa nǹkan bí ogójì ènìyàn, àgbà àti èwe. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, Gómìnà Rótìmí Akérédolú, tó jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀, pàṣẹ pé kí gbogbo ibi tí èrò bá ń pọ̀ sí, yálà ti ìjọba tàbí ti aládàáni, fi kámẹ́rà sí ara ilé wọn: ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé ìwé, ilé ìfowópamọ́, ilé ìtura, gbọ̀ngàn àríyá àti àwọn bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún ní kí wọ́n máa tọ́jú àwòrán náà pamọ́. Ọdún mẹ́ta kọjá lẹ́yìn ìpànìyàn náà, kí àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS tó gbé ọkùnrin márùn-ún wá síwájú ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja, ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Ẹ̀kọ́ kan tó wà níbẹ̀ ni pé ẹjọ́ ọ̀daràn lè pẹ́ kó tó dé iwájú adájọ́, ẹ̀rí sì gbọ́dọ̀ wà láàyè títí di ìgbà náà.

Àṣẹ ọdún 2022 dára. Àmọ́ ẹni tó bá ní kí ará ilé máa gbálẹ̀, iwájú yàrá tirẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ wò. Bí ìjọ kékeré kan ní abúlé bá dá owó jọ, tí wọ́n ra kámẹ́rà méjì nítorí àṣẹ ìjọba, ó yẹ kí wọ́n lè tọ́ka sí Alágbàká pé bí ó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Nítorí náà, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù kì í ṣe pé kámẹ́rà mélòó ni ìjọba fẹ́ rà. Ìbéèrè náà ni pé nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ṣé àwòrán máa wà, ṣé yóò mọ́lẹ̀, ṣé adájọ́ yóò gbà á, ṣé ará ìlú yóò sì rí i?

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí iná. Kámẹ́rà kò ní agbára kankan lára tirẹ̀. Bí iná bá lọ, ojú rẹ̀ ti dí. Àwọn ará Òkìtìpupa, Ìrèlè àti Ìlàjẹ, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wà nínú òkùnkùn láìrí iná ìjọba, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wọn. Olè àti àwọn oníjàgídíjàgan mọ àsìkò tí iná máa ń lọ. Tí ìjọba bá ra kámẹ́rà olówó iyebíye tí kò sì pèsè bátìrì àti iná oòrùn tí yóò gbé e láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, ọ̀sán nìkan ni ó rà, ó fi òru sílẹ̀ fún olè.

Lẹ́yìn iná, ọ̀rọ̀ ibi tí ojú kọ sí ló kàn. Ní ọjọ́ 19, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, àwọn olè gbé ọkọ̀ tó ní àkàbà wá sí ẹ̀gbẹ́ Louvre ní ìlú Paris, lórílẹ̀-èdè Faransé. Ààfin àwọn ọba Faransé ni ilé náà tẹ́lẹ̀, kó tó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1793. Ọ̀sán gangan ni wọ́n gun òkè lọ, láàárín ìṣẹ́jú tí kò tó mẹ́jọ ni wọ́n sì kó ohun ọ̀ṣọ́ ọba mẹ́jọ lọ, èyí tí owó rẹ̀ tó mílíọ̀nù 88 yúrò. Nígbà tí wọ́n pe olùdarí ilé náà, Laurence des Cars, síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ilẹ̀ Faransé, ó jẹ́wọ́ pé kámẹ́rà kan ṣoṣo tó wà níta lápá ibẹ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, kò sì rí ojú fèrèsé tí àwọn olè gbà wọlé. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ ní ilé tí gbogbo ayé mọ̀, a jẹ́ pé òjíṣẹ́ ìjọba tó bá ń ka iye kámẹ́rà láìrìn yí ilé ká lọ́sàn-án àti lóru kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ilé àtijọ́ máa ń ní kọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé àwòrán ilé: ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ògiri tí igi ti bò, ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń gbà kọjá. Ọlọ́dẹ tó ti pẹ́ níbẹ̀ mọ̀ wọ́n ju agbaṣẹ́ṣe tó ti Èkó wá lọ. Òun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìpamọ́ ni ìkẹta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tí kámẹ́rà bá ti rí, ó ti wà níbẹ̀ títí láé nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń tọ́jú àwòrán dà bí ìwé tí ojú ewé rẹ̀ níye. Bí ó bá kún, ẹ̀rọ náà á padà sí ojú ewé kìíní, á sì máa kọ ti òní lé ti àná lórí. Ní ibòmíràn, ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì péré ni àwòrán máa ń lò kó tó pa rẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, olè tó jí fáìlì ilẹ̀ àgbẹ̀ kan kó ní ọ́fíìsì, ó lè tó oṣù méjì kí onífáìlì tó wá bèèrè rẹ̀. Tí ìtúnṣe Alágbàká bá máa nítumọ̀, ó kéré tán àádọ́rùn-ún ọjọ́ ló yẹ kí àwòrán fi wà nípamọ́. Tí ohun kan bá sì ṣẹlẹ̀, kí wọ́n yọ ti ọjọ́ náà sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ̀rọ má bàa kọ nǹkan mìíràn lé e.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì àjọ elétò ìdìbò INEC ní Àkúrẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2020. Ó ku oṣù kan géérégé kí wọ́n dìbò gómìnà ni iná sọ nínú kọ̀ǹténà tí wọ́n kó ẹ̀rọ tó ń yẹ káàdì ìdìbò wò sí, ẹ̀rọ tó lé ní 5,000 sì jóná. Àjọ náà lọ kó ẹ̀rọ mìíràn wá láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìdìbò sì wáyé. Ṣùgbọ́n láàárín wákàtí díẹ̀ tí iná náà ṣẹlẹ̀, ẹ̀sùn ti ń fò kiri láàárín àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni àwòrán tó mọ́lẹ̀ máa ń pa ẹnu àhesọ mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì ló ṣẹ́ná, kámẹ́rà á fi hàn. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni, á fi hàn bákan náà.

Owó náà ńkọ́? Níbí ni ará ìlú ti ní ìdí láti ṣọ́ra. Ní ọdún 2010, ìjọba àpapọ̀ fún ilé iṣẹ́ ZTE ti orílẹ̀-èdè Ṣáínà ní iṣẹ́ kámẹ́rà àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ fún àwọn agbófinró ní Abuja àti Èkó. Mílíọ̀nù 470 dọ́là ni iye rẹ̀, ẹ̀yáwó láti ilé ìfowópamọ́ ìjọba Ṣáínà ni wọ́n sì fi ṣe apá tó pọ̀ jù níbẹ̀. Kámẹ́rà 2,000 ló yẹ kó máa ṣọ́ ìlú méjèèjì. Àwọn aṣòfin ti wádìí ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí pé ojú wọn kò rí ohun tí owó náà ṣe. Ní ọdún 2022, Mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà, Zainab Ahmed, sọ fún ilé aṣojú-ṣòfin pé ìjọba ń san gbèsè náà, àmọ́ òun kò mọ ibi tí iṣẹ́ náà dé. Ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà tí wọ́n yá owó náà ti wà lára àwọn tó ń san án. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ tún kámẹ́rà ṣe láìfi owó ìtọ́jú sínú ìṣúná ọdọọdún, ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tirẹ̀ kéré.

Òfin náà ní ohun tó ń bèèrè. Ìwé òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 84, sọ pé ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde kò ní di ẹ̀rí níwájú adájọ́ àfi tí wọ́n bá fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ lákòókò náà, kí ẹni tó ń mójú tó o sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀. Ní ọdún 2023 ni wọ́n tún òfin náà ṣe kó lè bá àsìkò mu, àmọ́ ọwọ́ ẹni tó dáńgájíá lẹ́nu iṣẹ́ ṣì ni ọ̀rọ̀ náà wà. Bí aago ara kámẹ́rà bá fi wákàtí mẹ́ta ṣáájú, tí kò sì sí ẹni tó kọ àkọsílẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀, agbẹjọ́rò ọ̀daràn á kàn rẹ́rìn-ín ni, á sì ní kí adájọ́ dà á nù. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ́ dáadáa, tó mọ̀ pé ọjọ́ kan lè dé tí òun yóò dúró níwájú adájọ́, ṣe pàtàkì ju kámẹ́rà mẹ́wàá lọ.

Àmọ́ ìbéèrè tó le jù lọ ni ti ẹni tó ni àwòrán náà. Ní alẹ́ ọjọ́ ogún, oṣù kẹfà, ọdún 2020, awuyewuye bẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìjọba ní Àkúrẹ́, nígbà tí Kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá, Bọ́lájí Sàlámì, dá igbákejì gómìnà, Agboọlá Àjàyí, dúró pé kó má jáde. Àjàyí ní wọ́n ń dí òun lọ́wọ́ nítorí pé òun fẹ́ fi ẹgbẹ́ òṣèlú APC sílẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ìjọba ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ohun ìní ìjọba ló fà á. Ọjọ́ kejì ló kéde pé òun ti di ọmọ PDP. Fóònù lọ́wọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ ni gbogbo ìlú ti rí fọ́nrán ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kì í ṣe kámẹ́rà tí owó ìlú rà. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ Lẹ́kkí ní Èkó ní ọjọ́ ogún, oṣù kẹwàá, kámẹ́rà ló tún di àríyànjiyàn. Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ní ohun tí wọ́n yọ kúrò ní ibodè náà jẹ́ èyí tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀, pé kì í ṣe kámẹ́rà aṣọ́lé, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ibodè náà sì kó àwòrán wá síwájú ìgbìmọ̀ Adájọ́ Doris Okuwobi tó ti fẹ̀yìn tì. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà. Ibi tí ìgbẹ́kẹ̀lé bá ti ṣọnù, àwòrán nìkan kò lè dá a padà, àgàgà tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló wà.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí kámẹ́rà Alágbàká jẹ́ ti gómìnà nìkan. Ilé náà kì í ṣe ti gómìnà. Àlejò ni gómìnà kọ̀ọ̀kan jẹ́ níbẹ̀, ọdún mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, a sì kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ará ìlú ló ni ilé. Bí kámẹ́rà bá ń ṣọ́ ará ìlú tó wá fẹ̀hónú hàn, ó gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọlọ́pàá tó dúró tì í pẹ̀lú, kó sì máa ṣọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kó àpótí jáde lọ́gànjọ́ òru. Ojú tó ń wo ẹnì kan tí kò wo ẹnì kejì, amí ni, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Òfin ààbò ìwífún ara ẹni tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 tilẹ̀ sọ pé ẹni tó bá ń gba ìwífún nípa ènìyàn gbọ́dọ̀ ní ìdí tó bófin mu, kó má sì lò ó fún ohun mìíràn. Nítorí náà, kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹnu géètì ní èdè Yorùbá pé kámẹ́rà wà níbí, kí wọ́n sì fi dá ará ìlú lójú pé ẹnikẹ́ni kò ní fi ṣọ́ ẹni tó wá rí aṣòfin ẹgbẹ́ alátakò.

Àwọn kan lè sọ pé kí ni kan àgbẹ̀ Ìdànrè tàbí Ifọ́n nípa kámẹ́rà ní Alágbàká, nígbà tó jẹ́ pé inú igbó ni àwọn ajínigbé ti ń dènà dè é, tí kò sì sí kámẹ́rà kankan lórí igi kókó. Ìbéèrè náà tọ̀nà, kò sì yẹ kí ìjọba fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n máa ṣọ́ ògiri Alágbàká kí wọ́n fi oko sílẹ̀. Iṣẹ́ àwọn Àmọ̀tẹ́kùn, tí òfin gbé kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà ní ọdún 2020, ni oko àti igbó, owó wọn kò sì gbọdọ̀ dín nítorí kámẹ́rà. Àmọ́ kí àgbẹ̀ rántí pé owó kan náà ni gbogbo rẹ̀. Kámẹ́rà tó kú sára ògiri ní Alágbàká ti jẹ owó epo ọkọ̀ tí ì bá sáré dé oko rẹ̀. Bákan náà, ìjọba tí kò lè mọ ẹni tó wọ ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ṣe ni yóò ṣòro fún un láti mọ ẹni tó wọ igbó.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò le. Kí ìjọba kọ́kọ́ sọ fún ará ìlú iye kámẹ́rà tó wà, iye tó ń ṣiṣẹ́ àti iye tó ti kú, láìtú àṣírí ibi tí wọ́n wà. Kí owó iná àti ìtọ́jú wà nínú ìwé ìṣúná lọ́dọọdún, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì kọ̀ láti fọwọ́ sí kámẹ́rà tuntun tí kò bá sí owó ìtọ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n máa dán wọn wò lóṣooṣù, ní òru, nígbà tí kò síná. Bí rògbòdìyàn, iná tàbí olè bá ṣẹlẹ̀, kí ẹ̀dà àwòrán náà dé ọwọ́ akọ̀wé ilé ẹjọ́ gíga ní Àkúrẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kó má bàa jẹ́ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló ń tọ́jú ẹ̀rí. Lópin ọdún, kí kọmíṣọ́nnà tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ jíhìn lórí rédíò, lédè tí ìyá àgbà ní Ọ̀bà-Ilé àti bàbá àgbẹ̀ ní Ìgbókòdá yóò gbọ́.

Gómìnà Aiyédatiwa jogún àṣẹ ọdún 2022 lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ tó di olóògbé ní oṣù kejìlá ọdún 2023. Bó bá fẹ́ kí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, oníléèwé àti onílé ìtura máa pa á mọ́, kó jẹ́ kí Alágbàká kọ́kọ́ pa á mọ́. Ará ìlú kò bèèrè ohun ọ̀ṣọ́ lára ògiri. Ojú tó ń ríran ni wọ́n bèèrè, lọ́sàn-án àti lóru, lórí aláṣẹ àti lórí ẹni tí aláṣẹ ń pàṣẹ fún.